Dunhill: Bí Orúkọ àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ṣe Pínyà

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Dunhill fún ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lónìí, páálí sìgá ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Bí a bá dárúkọ kan náà fún ẹni tó mọ ojú ọjà olówó gọbọi ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kóòtù, bẹ́líìtì aláwọ àti lọ́fínńdà ni yóò rò. Àwọn méjèèjì gbà á. Síbẹ̀, òkìkí ọkùnrin tó ni orúkọ náà kò ti ara sìgá wá, kò sì fi ìgbà kankan jẹ́ aránṣọ. Ìkòkò tábà ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, irú èyí tí àwọn bàbá àgbà wa máa ń gbé sẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Lónìí, ilé iṣẹ́ tó ń ta sìgá lórúkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́ tó ń ta aṣọ lórúkọ rẹ̀, ìkòkò tó fi iná iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tàn sì ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn lọ́jà. Bí orúkọ ẹnì kan ṣe lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ máa gbé lára nǹkan tí kò ronú kàn, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1872, ni wọ́n bí Alfred Dunhill ní Hornsey, ní ìhà àríwá Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bàbá rẹ̀ ń ta gàárì, ìjánu àti oríṣiríṣi ohun èlò ẹṣin ní òpópónà Euston. Ọmọ ọdún 15 ni Alfred nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1893 ló gba àkóso ilé ìtajà náà. Ogún rere ni, ṣùgbọ́n ogún tí àsìkò rẹ̀ ti ń lọ sópin ni. Ní ọdún 1896, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú òfin àtijọ́ tó dè ọkọ̀ afẹ̀rọrìn mọ́lẹ̀ kúrò, wọ́n sì gbà kí ọkọ̀ máa sáré tó máìlì 14 láàárín wákàtí kan. Ẹni tó bá ní ojú inú ti mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí ẹṣin yóò fi ojú pópó sílẹ̀ fún mọ́tò.

Dunhill kò jókòó sunkún ẹṣin. Àwọn mọ́tò ìgbà náà kò ní òrùlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní gíláàsì iwájú. Gbogbo atẹ́gùn, eruku àti òjò, orí onímọ́tò ló ń dà sí. Ọ̀gbẹ́ni tó mọ awọ ẹran dunjú yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í rán kóòtù aláwọ, ìbọ̀wọ́ àti fìlà fún àwọn olówó tó ń wa mọ́tò, ó sì ń ta fèrè, fìtílà, aago àti awò ojú fún wọn. Ó pe àwọn ọjà náà ní Motorities, ohun tó sì fi ń polówó ni pé kò sí ohun tí onímọ́tò nílò tí kò sí lọ́wọ́ òun, àfi mọ́tò fúnra rẹ̀. Lára wọn ni awò kan tó pè ní Bobby Finder, èyí tí awakọ̀ fi ń wo ọ̀ọ́kán bóyá ọlọ́pàá kan lúgọ sẹ́bàá ọ̀nà láti mú ẹni tó ń sáré àsápajúdé. Mo mọ àwọn awakọ̀ kan ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí ì bá ra irú awò bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ibi ọ̀rọ̀ atẹ́gùn yìí gan-an ni ìkòkò tábà ti wọlé. Ẹni tó bá ń fa tábà nínú mọ́tò tí kò ní òrùlé kò ní gbádùn rẹ̀, nítorí atẹ́gùn yóò máa fẹ́ iná inú ìkòkò náà ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀ta iná yóò sì máa ta sí i lójú. Ní ọdún 1904, Dunhill gbé ìkòkò kan jáde tí iwájú orí rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, bí ìgànnà kékeré tó ń dí atẹ́gùn. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Kí n sọ òtítọ́, ìkòkò náà kò dára ní wíwò, ṣùgbọ́n òun ló ṣí ìlẹ̀kùn fún gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1907, ó ṣí ilé ìtajà tábà sí òpópónà Duke ní agbègbè St James's, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́lá ti ń pàdé jẹun, tí wọ́n ti ń ta ayò, tí wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ òṣèlú. Kì í ṣe tábà tí wọ́n ti pò sílẹ̀ nìkan ló ń tà fún wọn. Bí oníbàárà bá wọlé, wọn yóò béèrè irú adùn tó ń fẹ́: ṣé ó fẹ́ èyí tó lágbára ni, àbí èyí tó rọ̀, ṣé ó fẹ́ ewé Virginia tó ń dùn díẹ̀, àbí ewé Latakia tí wọ́n fi èéfín igi sá títí tó fi dúdú. Wọn yóò wá po ti olúwarẹ̀ lọ́tọ̀ lójú ara rẹ̀, wọn yóò sì kọ ìwọ̀n ewé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní My Mixture, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ìgbàkígbà tí oníbàárà náà bá kọ̀wé láti òkèèrè pé òun ń fẹ́ tábà òun, nọ́ńbà yẹn nìkan ló nílò láti dá. Ọlọ́jà tó bá ti kọ adùn ẹnu oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé ti dè é mọ́lẹ̀ pátápátá, kò tún lè lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n tábà dídára nínú ìkòkò burúkú, òfo ni. Ṣáájú àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìkòkò amọ̀ ni àwọn ará Yúróòpù púpọ̀ ń lò. Ó pọ́n owó, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbóná, ó sì tètè ń fọ́. Nígbà tó yá, àwọn agbẹ́gilére ìlú Saint-Claude, láàárín àwọn òkè Jura ní ilẹ̀ Faransé, rí i pé igi kan wà tí iná kì í tètè jẹ. Igi kékeré tó ń hù ní etí Òkun Mẹditaréníà ni, briar ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń lò, kókó líle tó ń yọ láàárín gbòǹgbò àti ìtì rẹ̀ ni. Wọn yóò hú kókó yìí jáde nílẹ̀, wọn yóò gé e sí wẹ́wẹ́, wọn yóò bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí omi kíkorò inú rẹ̀ lè jáde, wọn yóò sì sá a síbi tí oòrùn kò dé fún oṣù púpọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọn yóò tó gbẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ń ra orí ìkòkò láti Saint-Claude.

Ohun tí Dunhill kórìíra lára àwọn ìkòkò tó wà lọ́jà ni ọ̀dà dídán tí wọ́n fi ń kùn wọ́n. Ọ̀dà yẹn a máa bo àbùkù igi mọ́lẹ̀, a sì máa dí ihò ara rẹ̀ tí igi náà kò fi ní lè mí. Nígbà tí iná bá ràn án, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìléróró. Ní ọdún 1910, Dunhill gba oníṣẹ́ ọwọ́ méjì, ó sì dá ilé iṣẹ́ ìkòkò tirẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ìsọ̀ rẹ̀. Igi tó dára jù ni wọ́n ń ṣà, àwọ̀ inú igi ni wọ́n sì jẹ́ kó hàn. Ó ń ta ìkòkò rẹ̀ ní owó tó ga ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fọwọ́ sọ̀yà fún un: bí ó bá là tàbí tí iná bá jẹ ẹ́ láàárín ọdún kan, kí oníbàárà mú un padà wá gba òmíràn. Nítorí ìlérí yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà kékeré sára ìkòkò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ England, kí wọ́n lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Àwọn tó ń kó ìkòkò àtijọ́ jọ lónìí ṣì ń fi nọ́ńbà náà mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Àmì tó lókìkí jù lọ tẹ̀ lé e ní ọdún 1912. Ẹnu ìkòkò náà, ibi tí afàtábà ń fi eyín dì mú, rọ́bà líle dúdú ni wọ́n fi ń ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń fá a. Òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kì í fi mọ èyí tó yẹ kó kọjú sókè nígbà tó bá tún un tì bọ̀ ọ́. Wọ́n bá fi ìkán funfun kékeré kan sí òkè rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó láti wá àmì tí yóò gbé orúkọ ilé iṣẹ́ náà yọ, ohun tí wọ́n ṣe kí ọ̀nà má ṣe rú oníbàárà lójú ni. Ṣùgbọ́n ìkán funfun lára ohun dúdú, ojú kì í ṣì í. Kò pẹ́ tí ẹni tó jókòó ní ìkángun yàrá fi lè mọ̀ pé Dunhill ni ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán gbé sẹ́nu. Nígbà tí Joel Sasieni, ọ̀kan lára àwọn tó ti bá Dunhill ṣiṣẹ́, lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1919, òun náà fi ìkán sára ìkòkò rẹ̀, àwọ̀ búlúù ló kàn lò. Nígbẹ̀yìn, ìkán búlúù mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá ìkòkò Sasieni mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń fara wé ti di ọ̀gá nìyẹn.

Ní ọdún 1917, ilé iṣẹ́ náà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ìkòkò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Shell. Wọ́n máa ń fi atẹ́gùn alágbára fọ́n iyanrìn sára igi náà. Iyanrìn yóò jẹ ibi tó rọ̀ lára rẹ̀ lọ, yóò ku ibi tó le, ara ìkòkò náà yóò wá rí págunpàgun bí ìkarahun. Igi ilẹ̀ Àlgéríà ló yẹ iṣẹ́ yìí jù, nítorí ó rọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé Alfred Dunhill ló gbàgbé ìkòkò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amómigbóná ní àjà ilẹ̀, ìgbà tí yóò fi padà débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò náà ti sún kì, ìlà ara igi náà sì ti yọ síta. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn mọ irú ìtàn báyìí. Ó dùn ju ohun tí ènìyàn lè já ní koro lọ, a sì máa ń fura sí i fún ìdí yẹn gan-an. Ohun tó dájú ni pé ìkòkò Shell sọ igi tí àwọn ẹlòmíràn kò kà sí di ọjà olówó iyebíye.

Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti bẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ náà ń fi ìkòkò àti tábà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé. Nínú kòtò tí àwọn ọmọ ogun ń gbé, tí ikú sì wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè rí ìkán funfun náà lẹ́nu àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn tó padà délé gbé ìròyìn rẹ̀ lọ sí ìlú wọn. Kò sí owó ìpolówó tó lè ra irú èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni èrè náà ti wá.

Lẹ́yìn ogun, ọwọ́ Dunhill ròkè. Ní ọdún 1921, ọmọ ọba Edward, àrẹ̀mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ni ó ń ta tábà fún òun. Ọdún kan náà ló ṣí ẹ̀ka sí New York, ó sì ṣí ti Párísì ní ọdún 1924. Ó gbé láítà kan jáde tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo tàn. Ọdún 1924 náà ló tẹ ìwé kan jáde tó pè ní The Pipe Book, nínú èyí tó ti sọ ìtàn ìkòkò tábà kárí ayé, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà títí dé ilẹ̀ Áfíríkà. Inú mi dùn pé kò kọ ọ́ bí ẹni pé Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ayé ti bẹ̀rẹ̀. Tábà kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan tí tábà Bàhíà láti Bràsíìlì ti ń gúnlẹ̀ sí Ouidah àti Èkó, tí wọ́n fi ń ra ẹrú lọ. Orúkọ tí à ń pè é, tábà, tọ ipasẹ̀ àwọn ará Potogí dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú ìkòkò tábà alámọ̀ jáde nínú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ Ilé.

Ní ọdún 1928 ni Alfred Dunhill fẹ̀yìn tì, ó sì fi iṣẹ́ náà lé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wà láyé fún ọgbọ̀n ọdún sí i, títí di ọdún 1959. Ó wà láyé, nítorí náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 1941, nígbà tí bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì wó ilé ìtajà òpópónà Duke palẹ̀. Wọn kò ti ìsọ̀ pa. Wọ́n gbé tábìlì síta láàárín àlàpà, wọ́n sì ń tajà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan lára àwọn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lóru ọjọ́ náà ni pé wọ́n tẹ Winston Churchill láago pé kó fọkàn balẹ̀, sìgá ńláńlá rẹ̀ tó wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ wọn kò jóná.

Láti ọdún 1961 sí 1975, Mary, ọmọbìnrin Alfred, ni alága ilé iṣẹ́ náà. Ó di ipò náà mú ní àkókò tó le jù. Ní ọdún 1962, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Royal College of Physicians, gbé ìwádìí jáde tó sọ gbangba pé sìgá ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kò sì sí ẹni tó ń fa ìkòkò tó yẹ kó máa fi ti oníṣìgá ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí tábà inú ìkòkò náà ń fa jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ìkòkò mọ́ bákan náà; ó ń gba àkókò, ó ń gba sùúrù, ayé sì ti ń sáré. Ní ọdún 1967, ilé iṣẹ́ sìgá Carreras ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Dunhill. Láti ìgbà yẹn lọ, àwọn tó ra orúkọ náà mọ̀ pé orúkọ lówó nínú ju igi lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, ìwé ìṣirò owó ló yẹ kó sọ ọ́, nítorí náà n óò ké e kúrú. Carreras di ara Rothmans. Ní ọdún 1999, Rothmans bọ́ sọ́wọ́ British American Tobacco, sìgá Dunhill sì bá a lọ. Aṣọ, awọ àti aago kò bá a lọ. Ọ̀dọ̀ Richemont ní Switzerland ni wọ́n wà. Báyìí ni orúkọ kan ṣoṣo ṣe di ti olówó méjì.

Apá ti sìgá yìí ló kan ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2003, British American Tobacco ṣí ilé iṣẹ́ ńlá sí Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn sì ń gbin ewé tábà fún un. Orúkọ ọmọ alágàárì Euston di ohun tí wọ́n ń tà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ní ibùdókọ̀, kí òfin ọdún 2015 tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á lẹ́yọ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ bí wọ́n ṣe ń pa òfin náà mọ́ sí. Mo ka ìyẹn sí ìwà ìyànjẹ. Ọ̀dọ́ tó ń ra ẹyọ kan ní gáréèjì rò pé òun ń ra díẹ̀ nínú ọlá St James's. Kò sí ẹni tó kọ adùn ẹnu rẹ̀ sínú ìwé kankan, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà ọdún kan fún un. Èéfín náà nìkan ló jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣì wà ní Walthamstow, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń gbẹ́ ìkòkò títí di àkókò wa yìí, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. The White Spot, èyí tó túmọ̀ sí ìkán funfun, ni wọ́n fi ń ta ìkòkò náà báyìí. Ìkán tí wọ́n fi sí i ní ọdún 1912 kí oníbàárà lè mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ ló wá di orúkọ tó ń jẹ́.

Ti tábà pípò ló ṣe mí ní kàyéfì jù. Àwọn àdàlù tó lókìkí lórúkọ Dunhill, bí Early Morning Pipe tí wọ́n ń fà láàárọ̀ àti Nightcap tí wọ́n ń fà kí wọ́n tó sùn, ti kúrò ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tipẹ́. Ilẹ̀ Dẹ́ńmárkì ni wọ́n ti ń pò wọ́n. Ní ọdún 2018, British American Tobacco dáwọ́ títà wọn dúró. Àwọn arúgbó tó ti ń fà wọ́n láti ìgbà èwe sáré ra gbogbo agolo tó kù lórí àtẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, agolo náà padà sọ́jà. Early Morning Pipe ṣì ni, Nightcap ṣì ni, ilẹ̀ Dẹ́ńmárkì kan náà ni wọ́n ti pò ó. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti máa ń kọ Dunhill sí tẹ́lẹ̀, Peterson ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ ìkòkò kan ní Dublin tó ti ń bá Dunhill du oníbàárà láti ayébáyé.